Òǹtẹ̀ Òbí Lára Jíìnì àti Ìyàtọ̀ Takọtabo Láàárín Ẹranko Afọ́mọlọ́mú

Ọ̀nà méjì ni àwọn ìwé ẹ̀kọ́ sábà máa ń gbà ṣàlàyé ohun tí ó mú kí akọ yàtọ̀ sí abo láàárín àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú, ìyẹn àwọn ẹranko tí ń fún ọmọ wọn lọ́mú, tí ènìyàn náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀nà kìíní ni ti kírómósóòmù, àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì tò sí lára: abo ní kírómósóòmù X méjì, akọ sì ní X kan àti Y kan. Ọ̀nà kejì ni ti họ́mónù, àwọn èròjà tí kórópọ̀n akọ àti ilé ẹyin abo ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń darí bí ara àti ọpọlọ ṣe ń dàgbà. Ní ọdún 1990 ni àwọn olùwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù tọ́ka sí jíìnì SRY lórí kírómósóòmù Y. Nígbà tí wọ́n sì fi irú rẹ̀ sínú ọlẹ̀ eku tí ó ní X méjì ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, eku tí ìbá jẹ́ abo yọ kórópọ̀n, ó sì di akọ. Ẹ̀rí náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé àlàyé ti parí.

Síbẹ̀, ọ̀nà kẹta wà, tí ìwọ̀nba àwọn onímọ̀ nìkan ń tọ̀, tí ó sì yẹ kí àwọn yòókù mọ̀. Gbogbo ẹ̀dá afọ́mọlọ́mú ni ó ń gba ẹ̀dà méjì fún ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn jíìnì rẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, èkejì láti ọ̀dọ̀ baba, ẹ̀dà méjèèjì a sì máa ṣiṣẹ́ pọ̀ láìka ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti wá sí. Ṣùgbọ́n àwọn jíìnì díẹ̀ kan wà tí ara ń bi wọ́n ní orísun wọn kí ó tó jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́: nínú àwọn kan, ẹ̀dà ti baba nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, ti ìyá a dákẹ́, nínú àwọn mìíràn, ti ìyá ni ó ń ṣiṣẹ́, ti baba a sì dákẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni a óò máa pè ní jíìnì olóǹtẹ̀ nínú àròkọ yìí, nítorí pé òbí tí ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ọmọ ti lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ mọ́ wọn lára kí ó tó yọ̀ǹda wọn. Nǹkan bí 100 irú jíìnì bẹ́ẹ̀ ni a ti dá mọ̀ nínú ara ènìyàn, láàárín nǹkan bí 20,000 jíìnì tí ń pàṣẹ ṣíṣe purotéènì. Iye náà kéré, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kò kéré rárá: wọ́n wà nínú ibi ọmọ, nínú ìdàgbàsókè ọlẹ̀, nínú ọpọlọ, àti nínú ìṣàkóso ìbàlágà. Ohun tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé òǹtẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó ń pín akọ níyà sí abo, pé orí kírómósóòmù X ni ọ̀nà rẹ̀ ti hàn kedere jù, àti pé ó yẹ kí a wọn ẹ̀rí rẹ̀ dáadáa kí a tó gbé e karí gbogbo ìwà àti ìṣe ẹ̀dá.

Òǹtẹ̀ náà kì í yí ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú jíìnì padà. Bí òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ṣe lè sọ ìwé kan di èyí tí a óò mú ṣẹ tàbí èyí tí a fagi lé, láìjẹ́ pé ó pa lẹ́tà kan rẹ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òǹtẹ̀ òbí ṣe ń sọ bóyá ẹ̀dà kan yóò ṣiṣẹ́ tàbí yóò dákẹ́. Èròjà kékeré kan tí ń jẹ́ mẹ́táìlì ni a sábà máa ń fi lù ú: àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn purotéènì tí ń mú iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yá, a máa so mẹ́táìlì mọ́ lẹ́tà C inú DNA níbi tí G bá ti tẹ̀ lé C, ibi tí mẹ́táìlì bá sì pọ̀ sí yóò yí bí àwọn purotéènì mìíràn ṣe ń ka ibẹ̀ padà. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín sí méjì, ẹ́ńsáìmù mìíràn wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti da òǹtẹ̀ náà kọ sára DNA tuntun, nítorí náà ohun tí òbí lù sára ẹyin tàbí àtọ̀ yóò wà lára ọmọ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Ọdún 1984 ni ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn kọ́kọ́ jáde, láti ọwọ́ Azim Surani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge, àti láti ọwọ́ James McGrath àti Davor Solter ní Philadelphia, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìwádìí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí àtọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ẹyin eku, kókó méjì ni ó máa ń hàn nínú ẹyin náà lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá, ọ̀kan ti baba, ọ̀kan ti ìyá, tí wọn kò tíì dà pọ̀. Àwọn olùwádìí náà fi abẹ́rẹ́ onígíláàsì tín-ín-rín fa kókó kan jáde, wọ́n sì fi òmíràn láti inú ẹyin mìíràn rọ́pò rẹ̀, kí àwọn ẹyin kan lè ní kókó ìyá méjì, kí àwọn kan lè ní kókó baba méjì, kí àwọn tí a ó fi ṣe òṣùwọ̀n sì ní ọ̀kan ọ̀kan. Iye jíìnì pé nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní ti ìyá àti ti baba nìkan ni ó dàgbà dé ojú ọjọ́ ìbí. Èyí tí ó ní kókó ìyá méjì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọlẹ̀ tí ó dára díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi ọmọ rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tí ó ní kókó baba méjì yọ ohun tí ó yẹ kí ó di ibi ọmọ lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè dàgbà. Ó hàn gbangba pé àwọn jíìnì kan wà tí ìyá nìkan lè mú wá ní ipò iṣẹ́, àti àwọn kan tí baba nìkan lè mú wá bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a rí lára eku yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn agbẹ̀bí. Oyún kan wà tí àwọn dókítà mọ̀ dáadáa, nínú èyí tí ilé ọmọ a máa wú, tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a sì jọ ìdì èso àjàrà tí omi kún inú wọn, láìsí ọmọ kankan níbẹ̀. Nígbà tí a yẹ irú oyún tí ó pé pérépéré bẹ́ẹ̀ wò, a rí i pé ọ̀dọ̀ baba nìkan ni gbogbo kírómósóòmù inú rẹ̀ ti wá, nítorí pé ẹyin tí àtọ̀ wọ̀ ti sọ kókó tirẹ̀ nù. Ibi ọmọ ń dàgbà láìsí ìjánu, ọmọ kò sì sí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ẹyin eku tí ó ní kókó baba méjì.

Nítorí òǹtẹ̀ yìí ni kò fi sí ẹranko afọ́mọlọ́mú kan tí ń bímọ láìsí akọ, bí àwọn alángbá kan ti ń ṣe. Ní ọdún 2004, Tomohiro Kono àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan yí òǹtẹ̀ ibì kan padà lára ẹyin eku, wọ́n pa kókó ẹyin méjì pọ̀, wọ́n sì rí abo eku kan bí tí kò ní baba; Kaguya ni wọ́n sọ ọ́, ó dàgbà, ó sì bímọ tirẹ̀. Ti àwọn tí ó ní baba méjì ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn tí a bí ní China ní 2018 kò lò ju ọjọ́ méjì lọ láyé, ó sì di ọdún 2025 kí díẹ̀ nínú irú eku bẹ́ẹ̀ tó dàgbà, lẹ́yìn tí a ti tún ibi 20 tí òǹtẹ̀ wà ṣe. Àwọn eku tí ó ní ìyá méjì kéré ní ara ju àwọn abo ẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n sì pẹ́ láyé jù wọ́n lọ, èyí tí ó mú kí àwọn onímọ̀ kan máa rò pé òǹtẹ̀ baba ń ti ara láti tóbi, pé ìtóbi náà sì ní iye tí ara ń san fún un.

Ìyàtọ̀ takọtabo wọ inú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nítorí pé akọ àti abo kì í lu òǹtẹ̀ ní àkókò kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í lù ú ní ibi kan náà. Abo tí ó gba X kan lọ́wọ́ baba rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi òǹtẹ̀ baba rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ tirẹ̀. Òǹtẹ̀ ìyá ni ó yẹ kí ó wà lára gbogbo ohun tí ó bá fi sílẹ̀. Fún ìdí èyí, a gbọ́dọ̀ pa àwọn òǹtẹ̀ àtijọ́ rẹ́ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ìbímọ, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ẹyin tàbí àtọ̀, kí a tó lu tuntun. Nínú eku, tí oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 20 ọjọ́ lọ, pípa rẹ́ náà ti parí ní nǹkan bí ọjọ́ 13 sí 14 nínú oyún. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti pín: bí ọlẹ̀ bá jẹ́ akọ, lílu òǹtẹ̀ tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ nínú oyún níbẹ̀, kí wọ́n tó bí i, bí ó bá jẹ́ abo, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà yóò dúró láìní òǹtẹ̀ títí di ẹ̀yìn ìbí, nígbà tí ẹyin kọ̀ọ̀kan bá ń dàgbà nínú ilé ẹyin. Akọ eku tí ń bímọ lónìí ti lu púpọ̀ nínú òǹtẹ̀ tí ó wà lára ọmọ rẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú ìyá rẹ̀.

Iye òǹtẹ̀ náà kò sì dọ́gba. Ibi tí abo ń fi mẹ́táìlì lù nínú ẹyin eku lé ní 20, nígbà tí ti akọ kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bí ọ̀nà méjèèjì ṣe jìn sí ara wọn hàn nígbà tí àwọn olùwádìí yọ jíìnì Dnmt3l, ọ̀kan nínú àwọn tí a nílò láti fi lu òǹtẹ̀, kúrò lára eku ní 2001. Àwọn akọ tí kò ní in kò lè ṣe àtọ̀, wọ́n sì yàgàn. Àwọn abo tí kò ní in ṣe ẹyin, àtọ̀ sì wọ ẹyin náà, ṣùgbọ́n gbogbo ọlẹ̀ tí wọ́n lóyún rẹ̀ kú láàárín oyún nítorí pé òǹtẹ̀ ìyá kò sí lára wọn. Àbùkù kan náà ni, síbẹ̀ ara akọ ni ó ti ba ti akọ jẹ́, ara ọmọ ni ó ti ba ti abo jẹ́.

Ìdí tí ìṣẹ̀dá fi gba irú ètò tí ó léwu báyìí ni ọ̀rọ̀ tí David Haig gbé kalẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980. Abo ẹranko afọ́mọlọ́mú sábà máa ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú, a máa fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ bọ́ ọ, a sì tún máa fún un lọ́mú lẹ́yìn ìbí. Gbogbo ọmọ tí abo bá bí ni ó jẹ́ tirẹ̀, nítorí náà ó ṣàǹfààní fún jíìnì ìyá kí ọmọ òní má ṣe gba ohun tí ó yẹ kí ó ku fún ọmọ ọ̀la. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀la lè má jẹ́ ti baba òní, nítorí náà jíìnì baba a máa ti ọmọ láti gba èyí tí ó bá lè gbà. Jíìnì Igf2 àti Igf2r fi èyí hàn kedere. Igf2 ń pàṣẹ ṣíṣe èròjà tí ń mú ọlẹ̀ dàgbà, ẹ̀dà ti baba nìkan ni ó sì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a ba ẹ̀dà yẹn jẹ́ nínú eku, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwọ̀n tí ó yẹ ni wọ́n bí ọmọ náà sí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà ìyá ni a bà jẹ́, ọmọ náà kò yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Igf2r ń kó èròjà kan náà kúrò nílẹ̀ kí ó má baà pọ̀ jù, ti ìyá nìkan ni ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú eku. Baba ń tì, ìyá ń fà, ìwọ̀n ọmọ sì jáde láàárín wọn.

Irú àwọn eku ìgbẹ́ méjì kan ní Amẹ́ríkà jẹ́rìí sí i. Nínú *Peromyscus polionotus*, akọ kan àti abo kan a máa dúró ti ara wọn. Nínú *Peromyscus maniculatus*, abo a máa gba ọ̀pọ̀ akọ, àwọn ọmọ inú oyún kan náà sì lè ní baba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí akọ *maniculatus* bá gun abo *polionotus*, ọlẹ̀ àti ibi ọmọ a tóbi kọjá ààlà, wọ́n a sì máa kú. Bí a bá yí i padà, kí akọ jẹ́ *polionotus*, ọmọ tí wọ́n bí a kéré, ṣùgbọ́n a yè. Irú jíìnì kan náà ni ó pàdé nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó mú wọn wá ni ó yàtọ̀.

Troy Day àti Russell Bonduriansky fi ọ̀nà mìíràn kún un ní ọdún 2004, èyí tí ó kan takọtabo gan-an. Wọ́n ní ohun tí ó ń mú akọ ṣàṣeyọrí lè jẹ́ ìnira fún abo, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí ó sàn fún abo lè má sàn fún akọ. Baba tí ó wà láyé títí tí ó fi bímọ ti fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀dà jíìnì tí òun ní dára fún akọ. Ìyá tí ó bímọ ti fi ẹ̀rí hàn pé tirẹ̀ dára fún abo. Nítorí náà, ó lè ṣàǹfààní kí ọmọkùnrin gbọ́ràn sí ẹ̀dà ti baba jù, kí ọmọbìnrin gbọ́ràn sí ti ìyá. Èrò tí a fi ìṣirò gbé kalẹ̀ ni èyí, ó sì kù kí a fi ara àwọn ẹranko dán an wò jíìnì kan lẹ́yìn òmíràn.

Orí kírómósóòmù X ni ọ̀nà òǹtẹ̀ sí ìyàtọ̀ takọtabo ti ṣe tààrà jù lọ, nítorí pé ìpín tí a ń gbà nínú rẹ̀ kò dọ́gba. Baba a máa fi Y rẹ̀ fún ọmọkùnrin, X rẹ̀ fún ọmọbìnrin. Ìyá a máa fi X fún gbogbo wọn. Kò sí ọmọkùnrin kan tí ó ń jogún X baba rẹ̀. Bí jíìnì kan lórí X bá dákẹ́ nígbà tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá ti ọ̀dọ̀ baba wá, ọmọbìnrin nìkan ni yóò rí iṣẹ́ rẹ̀, ọmọkùnrin kò ní rí nǹkan kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé jíìnì náà wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti baba ni ó dákẹ́ tí ti ìyá ń ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì yóò rí i, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kò ní dọ́gba. Mary Lyon ti gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1961 pé nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lára abo, ọ̀kan nínú X méjèèjì ni ó ń ṣiṣẹ́, èkejì a sì ká jọ, a dákẹ́; nínú ọ̀pọ̀ ẹran ara, bí ìdajì àwọn sẹ́ẹ̀lì ni ó ń lo X ìyá, tí ìdajì yòókù ń lo ti baba. Ọmọkùnrin ní X ìyá nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ọmọbìnrin sì ní in lẹ́nu iṣẹ́ nínú nǹkan bí ìdajì. Yoh Iwasa àti Andrew Pomiankowski ni ó to àlàyé yìí jọ ní 1999, wọ́n sì tọ́ka sí i pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ nínú ọlẹ̀ kí kórópọ̀n tàbí ilé ẹyin tó yọ, nígbà tí kò tíì sí họ́mónù kankan tí yóò dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo.

Láti mọ̀ bóyá ohun tí ìṣirò sọ rí bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀dá, àwọn olùwádìí wá ẹni tí X kan ṣoṣo wà lára rẹ̀. Nǹkan bí ọmọbìnrin kan nínú 2,000 sí 2,500 ni a ń bí pẹ̀lú àìpé kírómósóòmù tí a ń pè ní Turner, nínú èyí tí X kan ṣoṣo sábà máa ń wà, tí èkejì kò sí. Nínú àwọn kan, X tí ó kù jẹ́ ti ìyá. Nínú àwọn kan, ti baba ni. Ní ọdún 1997, David Skuse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfiwé 80 irú wọn, 55 tí X wọn jẹ́ ti ìyá àti 25 tí X wọn jẹ́ ti baba, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ó ní ti baba mọ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ṣe jù, ó sì rọrùn fún wọn láti mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹlòmíràn. Àwọn olùwádìí náà wá dábàá pé jíìnì kan wà lórí X tí ẹ̀dà ti baba nìkan ń ṣiṣẹ́, tí ọmọkùnrin kò sì lè ní, àti pé bóyá ìyẹn wà lára ohun tí ó mú kí ìṣòro bíi ti ọ́tísíìmù pọ̀ láàárín ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ. Àbá náà ta àwọn onímọ̀ jí, ṣùgbọ́n a kò tíì fìdí jíìnì kan pàtó múlẹ̀ nínú ènìyàn tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà, àwọn tí a yẹ̀ wò kò sì pọ̀ tó láti fi sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lára eku, ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ síwájú sí i. Ní ọdún 2005, William Davies àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní England lo àwọn eku tí ó ní X kan ṣoṣo, àwọn kan pẹ̀lú ti ìyá, àwọn kan pẹ̀lú ti baba. Wọ́n kọ́ wọn láti máa yan ọ̀nà kan nínú méjì nípa ohun tí ojú rí, kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Ìgbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n tán ni wọ́n yí òfin náà padà, tí ọ̀nà tí ó ti ń mú oúnjẹ wá kò mú un wá mọ́. Gbogbo wọn ni ó mọ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún àwọn tí X wọn jẹ́ ti ìyá láti fi ìwà àtijọ́ sílẹ̀ nígbà tí òfin yí padà. Nígbà tí àwọn olùwádìí náà wá inú ọpọlọ eku, wọ́n rí jíìnì kan tí ń jẹ́ Xlr3b, tí ẹ̀dà ti ìyá ń ṣiṣẹ́ tí ti baba sì dákẹ́, èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn jíìnì àkọ́kọ́ tí a dárúkọ ní pàtó pé òǹtẹ̀ lè wà lára wọn lórí X nínú ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ orí X kì í fi ìgbà gbogbo pín akọ níyà sí abo. Nígbà mìíràn, ó ń pa wọ́n pọ̀ ni. Nínú ibi ọmọ eku, X baba ni ó máa ń dákẹ́ ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì, gẹ́gẹ́ bí Nobuo Takagi àti Motomichi Sasaki ti fi hàn ní 1975. Nítorí náà, àti akọ àti abo, X ìyá ni ibi ọmọ wọn ń lò. Nínú kangarúù àti àwọn ẹranko yòókù tí ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn, gbogbo ara ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ti ènìyàn, ó dà bí ẹni pé kò sí òfin yìí nínú ibi ọmọ: X tí yóò dákẹ́ kò ní í ṣe pẹ̀lú òbí tí ó ti wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ohun tí a rí lára eku lé ènìyàn lórí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá òǹtẹ̀ náà wà níbẹ̀ rárá.

Yàtọ̀ sí X, òǹtẹ̀ wà lára àwọn kírómósóòmù tí akọ àti abo ní ní ìwọ̀n kan náà, ó sì ń pàdé họ́mónù níbẹ̀. Ìbàlágà ni àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù. Ọmọbìnrin tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà kí ó tó pé ọdún 8, tàbí ọmọkùnrin tí ó bá bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé 9, ni àwọn dókítà ń sọ pé ó bàlágà ṣáájú àkókò, ọmọbìnrin ni a sì ń rí i lára rẹ̀ jù. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí láti São Paulo àti Boston ṣàyẹ̀wò àwọn ìdílé tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì rí àbùkù nínú jíìnì MKRN3 lórí kírómósóòmù kẹẹ̀ẹ́dógún. Iṣẹ́ jíìnì náà dà bí ìjánu lórí apá ọpọlọ tí ó ń rán họ́mónù ìbàlágà jáde, ẹ̀dà ti baba nìkan ni ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí ó bá jogún àbùkù náà lọ́wọ́ baba ni yóò bàlágà láìpé ọjọ́. Èyí tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kò ní mọ̀ ọ́n lára. Obìnrin tí ó gbà á lọ́wọ́ baba rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti bàlágà láìpé ọjọ́, lè bí ọmọ tí gbogbo wọn yóò bàlágà ní àkókò tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọkùnrin rẹ̀ bá gbé àbùkù náà sára, tí ó sì bímọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè tún yọjú lára ọmọ-ọmọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa òǹtẹ̀ yóò sọ pé àìsàn náà fo ìran kan. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú irú ọ̀ràn báyìí, ilé baba ni dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò.

Ìṣe abiyamọ náà wà lára ohun tí òǹtẹ̀ ń kàn. Jíìnì Phlda2, tí ti ìyá nìkan ń ṣiṣẹ́, a máa dín iye àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tú họ́mónù jáde nínú ibi ọmọ kù. Ní ọdún 2018, Rosalind John àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cardiff fi ọlẹ̀ tí Phlda2 wọn yàtọ̀ ní ìwọ̀n sínú abo eku tí ara wọn kò ní àbùkù kankan. Àwọn abo tí iṣẹ́ jíìnì náà kéré nínú ibi ọmọ wọn lo àkókò púpọ̀ lẹ́yìn ìbí láti fún ọmọ lọ́mú àti láti lá wọn lára. Àwọn tí ó pọ̀ nínú tiwọn dojú kọ ìtẹ́ kíkọ́ jù. Nípa pípa jíìnì náà lẹ́nu mọ́, baba ń ti inú ọmọ darí ìyá sí ọ̀dọ̀ ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé baba fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abiyamọ yìí kan náà ni ó kọ́ àwọn onímọ̀ ní sùúrù. Ní 1999, ẹgbẹ́ kan ní Cambridge kéde pé abo eku tí ẹ̀dà Peg3 ti baba rẹ̀ bàjẹ́ kò tọ́jú ọmọ dáadáa, kì í kó wọn jọ, kì í sì kọ́ ìtẹ́ bí ó ti yẹ. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, ó sì wọ inú ìwé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ní 2016, àwọn mìíràn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ ba jíìnì kan náà jẹ́, àwọn abo náà sì tọ́jú ọmọ wọn láìsí àléébù. Bákan náà, ní 2010, àwọn olùwádìí ní Harvard kéde pé àwọn jíìnì tí òǹtẹ̀ wà lára wọn nínú ọpọlọ eku lé ní 1,000, pé àwọn kan sì yàtọ̀ láti akọ sí abo. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, tí wọ́n sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èyí tí a pè ní tuntun jẹ́ àṣìṣe ìkàyẹ̀wò, tí ó wá láti inú bí ẹ̀rọ ṣe ń ka jíìnì àti bí iye àwọn eku tí a lò ṣe kéré. Ìwádìí tí a tún ṣe, tí ó sì jáde bákan náà, ni ó yẹ kí a gbé ìgbàgbọ́ lé.

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun mẹ́ta ni ó dúró ṣinṣin. Èkíní ni pé akọ àti abo kì í lu òǹtẹ̀ bákan náà, èyí kò sì ní àríyànjiyàn nínú mọ́. Èkejì ni pé ìpín X tí kò dọ́gba ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún òǹtẹ̀ láti ya ọmọbìnrin sọ́tọ̀ sí ọmọkùnrin láìdúró de họ́mónù, eku sì ti fi ẹ̀rí díẹ̀ hàn lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé nínú ìbàlágà àti nínú ibi ọmọ, òǹtẹ̀ àti họ́mónù ń ṣiṣẹ́ lórí ara wọn, débi pé a kò lè lóye ọ̀kan láìka èkejì sí. Ohun tí kò dúró ni ọ̀rọ̀ àwọn tí yóò gbọ́ èyí tán, tí wọn yóò sì sọ pé jíìnì baba ni ó mú kí obìnrin máa ṣe báyìí, tàbí pé jíìnì ìyá ni ó mú kí ọkùnrin máa ṣe bẹ́ẹ̀; kò sí ìwádìí kan tí ó sọ bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú, ẹ̀kọ́ àti àwùjọ sì ní ọwọ́ tiwọn nínú ìwà ènìyàn.

Àǹfààní tí ìmọ̀ yìí ní fún ìṣègùn pọ̀, ó sì yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè tí dókítà ń béèrè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn pé àìsàn kan wà nínú ìdílé, láìsọ bóyá ìhà ti baba ni tàbí ti ìyá; fún ọ̀pọ̀ ọdún náà ni ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí ti ń lo akọ eku nìkan, tí wọ́n sì ń gbé èsì rẹ̀ lé abo lórí. Àṣà méjèèjì ń fi ohun tí ó ṣe pàtàkì pa mọ́. Jíìnì kan náà lè ṣeni lọ́ṣẹ́ bí ó bá ti ọ̀dọ̀ baba wá, kí ó má sì ṣe nǹkan kan bí ó bá ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Ó lè hàn lára ọmọbìnrin, kí ó má hàn lára ọmọkùnrin. Olùwádìí tí ó bá kọ òbí tí jíìnì ti wá àti irú ọmọ tí ó gbà á sílẹ̀, akọ tàbí abo, ni yóò rí ìyàtọ̀ náà; ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ yóò da ìdajì tí ó dára pọ̀ mọ́ ìdajì tí ó ń ṣàìsàn, yóò sì parí rẹ̀ sí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.